Ẹja Kékeré Fẹ́ Omi Púpọ̀

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o rí àwo gíláàsì roboto kan lórí tábìlì ọ̀rẹ́ rẹ ní Tańkẹ̀ ní Ìlọrin, tí ẹja pupa méjì ń yí po nínú rẹ̀, àti pé láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ kò ti kúrò níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ọjọ́ rẹ̀ láàárín àwọn alápatà àti àwọn aláta ní Ìpatà, tí ariwo ọjà àti eruku títì ti sú, yóò mọ rírì ohun tó lè jókòó wò ní ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ẹja kéékèèké tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ nínú omi mímọ́ gaara wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ kí o ní i. Ṣùgbọ́n kí o tó tú owó àjọ rẹ, sún mọ́ mi, kí n bá ọ sọ ohun tí ẹni tó ń tà á lè má sọ fún ọ: má ra àwo roboto yẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni kó mú kékeré, tó bá ti mọ́ ọn lára tán, kó wá lọ sí ńlá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹja, òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí omi bá ṣe kéré tó ni wàhálà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Inú omi tí ẹja ń mí náà ló ń tọ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí, ibẹ̀ náà ni oúnjẹ tí kò jẹ tán ti ń jẹrà. Amóníà ló ń jáde nínú gbogbo èyí, májèlé gidi sì ni fún ẹja. Nínú lítà omi márùn-ún, ìdọ̀tí ẹja méjì kì í pẹ́ ba gbogbo omi náà jẹ́; o lè wò ó ní alẹ́ kó mọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó ti di nǹkan mìíràn. Nínú lítà àádọ́ta, ìdọ̀tí kan náà fọ́n ká lọ́nà mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé o ní àyè láti rí i, láti sinmi, láti bu omi díẹ̀ dànù kí o sì bu tuntun sí i, kí ẹja rẹ tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Àyè yẹn ni mo fẹ́ kí o fi owó rẹ rà.

Jẹ́ ká fi kẹ́ẹ̀gì wọ̀n ọ́n, torí òun ni gbogbo wa mọ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí mẹ́ruwà ń tò sórí ọmọlanke ń gba lítà 25. Àwọn agégíláàsì tiwa sì máa ń fi ẹsẹ̀ bàtà àti íǹṣì wọn iṣẹ́ wọn. Àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ń gba lítà 28, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì kan àti èlé díẹ̀. Torí náà, wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga ní ẹsẹ̀ bàtà, fi wọ́n ṣe ìlọ́po ara wọn. Iye tó bá jáde ni kí o pè ní kẹ́ẹ̀gì, kí o sì mọ̀ pé èlé tún wà lórí rẹ̀. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ni téèpù rẹ ń kà, ṣe ìlọ́po bákan náà, kí o fi 1,000 pín in, lítà ni yóò fún ọ.

Àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó fẹ̀ ní ọ̀kan, tó ga ní ọ̀kan, lítà 57 ni. Èyí tó gùn ní mẹ́ta, tó fẹ̀ ní ọ̀kan, tó ga ní íǹṣì 15, lítà 106 ni, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ó lé díẹ̀. Èyí tó gùn ní mẹ́rin, tó fẹ̀ ní ọ̀kan àbọ̀, tó sì ga ní ọ̀kan àbọ̀, lítà 255 ni, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Rántí pé o kò ní bu omi dé ẹnu, iyanrìn àti òkúta yóò sì gba àyè tiwọn. Èyí tí a pè ní 57 yẹn, omi inú rẹ̀ gan-an kì í tó 50.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni mo fẹ́ kí o mú. Tí owó tàbí àyè kò bá gbà ọ́, mú ẹsẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n má lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Owó tí o bá rò pé o fi pamọ́ lórí gíláàsì kékeré, orí ẹja tó ń kú ni o ó ti ná an. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ńkọ́? Ó dára púpọ̀ fún ẹja, ó lè má dára fún ìwọ. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni o ní láti pààrọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́rin omi àpótí. Fún ẹsẹ̀ méjì, ìyẹn lé díẹ̀ ní ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì. Fún ẹsẹ̀ mẹ́ta, kẹ́ẹ̀gì kan. Fún ẹsẹ̀ mẹ́rin, kẹ́ẹ̀gì méjì àbọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nínú ilé tí ó ṣeé ṣe kí o máa ra omi tí ẹ fi ń sè, tí ẹ fi ń fọ̀, tí ẹ fi ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí kànga agbolé bá fà, ta ni yóò jẹ́ kí o da kẹ́ẹ̀gì méjì àbọ̀ sínú ilé ẹja? Àpótí tí o kò bá lè pààrọ̀ omi rẹ̀ yóò di adágún tó ń rùn nínú pálọ̀.

Gíga àpótí máa ń tan ojú jẹ. Mo mọ̀ pé èyí tó ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n gbọ́ ìdí tí mo fi ní kó gùn dípò kó ga. Ojú omi ni afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí ń gbà wọlé. Mú àpótí méjì tó ń gba omi kan náà, lítà 113: ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ méjì, ó ga ní méjì, èkejì gùn ní mẹ́rin, ó ga ní ọ̀kan, àwọn méjèèjì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan. Omi wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ojú omi èkejì jẹ́ ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Àwo roboto wá burú ju méjèèjì lọ, torí bí o bá ṣe ń bu omi dé ọrùn rẹ̀ ni ojú omi náà ń kéré sí i.

Ní ìlú olóoru, ọ̀rọ̀ ojú omi yìí kì í ṣe eré. Omi tútù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ. Lítà omi kan ní dígíríì 20 lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Ní dígíríì 30, kò ju 7 àbọ̀ lọ. Ìwọ náà mọ bí Ìlọrin ṣe máa ń rí lóṣù kẹta, nígbà tí páànù orí ilé bá gbóná láti àárọ̀ dé alẹ́, tí a ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi tó wà nínú pálọ̀ rẹ náà ń gbóná. Ara ẹja sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá nínú ooru, kó máa fẹ́ ọ́síjìn sí i lásìkò tí ọ́síjìn ń dín kù. Omi kékeré ń tètè gbóná lọ́sàn-án, nígbà ọyẹ́ ó sì ń tètè tutù lóru. Omi púpọ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ẹja sì lè bá a lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti iná. O kò lè bá mi jiyàn lórí èyí. Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi àti fóòmù tó ń sẹ́ ìdọ̀tí, iná ló ń mú wọn ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá mú iná lọ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí jẹnẹrétọ̀ kò sí tàbí tí epo ti wọ́n, òru náà di ti ẹja nìkan. Ohun tí wàá rí nígbà tí o bá jí fún ìrun àsùbáà rèé, tí ẹja bá pọ̀ ju omi lọ: gbogbo wọn á ti gòkè wá sí ojú omi, orí sókè, ìdí nísàlẹ̀, ẹnu wọn á máa ṣí, á máa pa dé. Àwọn ọmọ á rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń tọrọ. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń wá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, mú kọ́ọ̀bù, máa bu omi náà, kí o máa dà á padà láti òkè, kó máa ta sílẹ̀ kó mú afẹ́fẹ́ wọlé. Má fún wọn ní oúnjẹ rárá títí iná yóò fi dé. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń lo bátìrì wà lọ́jà pẹ̀lú, ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ààbò tó lágbára jù ni kí omi pọ̀ kí ẹja sì mọ níwọ̀n, débi pé òru kan láìsí iná kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Bí ooru bá le jù, àwa náà ní ọgbọ́n tiwa: gbé omi inú ọ̀rá tó ti dì sínú àpótí, má ya á, jẹ́ kó máa léfòó. Nínú lítà ọgọ́rùn-ún, yóò mú ooru wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Nínú àwo roboto, yóò já omi sí tútù lójijì, ìyẹn sì lè ṣe ẹja ní jàǹbá ju ooru fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹja mélòó, ẹja wo? Òfin àtijọ́ kan wà láàárín àwọn tó ń sin ẹja ilẹ̀ olóoru: íǹṣì 12 ojú omi ní ìbú àti òró fún íǹṣì ẹja kan. Àpótí ẹsẹ̀ méjì ní íǹṣì 288 ojú omi ní ìbú àti òró, ìyẹn íǹṣì ẹja 24. Ti ẹsẹ̀ mẹ́ta ní 432, ìyẹn 36. Níbi tí iná kì í ti í lọ ni òfin yẹn ti bá ayé mu. Fún wa níhìn-ín, mo ní kí o mú ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀: 16 fún èyí tó gùn ní ẹsẹ̀ méjì, 24 fún èyí tó gùn ní mẹ́ta. Bí ẹja yóò ṣe gùn tó nígbà tó bá dàgbà ni kí o fi kà á, má fi bí o ṣe rí i nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún ọ kà á.

Guppy ni kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Akọ rẹ̀ kò ju íǹṣì kan àti díẹ̀ lọ, ìrù rẹ̀ ni gbogbo ẹwà rẹ̀, ó sì fara da ooru wa dáadáa. Trinidad ni Robert John Lechmere Guppy ti fi í ránṣẹ́ sí London ní 1866, tí orúkọ rẹ̀ fi mọ́ ẹja náà lára. Títí dòní ni irú ẹja yìí wà nínú gọ́tà ìlú Èkó, tó ń jẹ tanwíjí ẹ̀fọn. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún ọ pé ẹja tó ń gbé gọ́tà lè gbé inú àwo, dá a lóhùn pé gọ́tà gùn, kò jìn, omi rẹ̀ sì ń ṣàn.

Akọ nìkan ni kí o rà. Èyí ṣe pàtàkì fún ìwọ̀n àpótí rẹ ju bí o ṣe rò lọ. Abo guppy kan ń bímọ lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì lè bí ogún, ọgbọ̀n, àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ń tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí yóò fi máa bímọ lọ láìsí akọ nítòsí. Bó o bá mú tako-tabo, kí ọdún tó yí po, kò sí àpótí tí agégíláàsì lè ṣe tí yóò gbà wọ́n. Akọ guppy mẹ́jọ àti ẹja platy mẹ́ta ti tó fún ẹsẹ̀ méjì. Fún ẹsẹ̀ mẹ́ta, akọ guppy mẹ́wàá àti platy márùn-ún. Kí platy náà jẹ́ akọ, torí bí guppy ṣe ń bímọ lòun náà ń bí. Mo mọ̀ pé yóò dà bíi pé ó ṣófo lójú rẹ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Fi í bẹ́ẹ̀.

Neon tetra lẹ́wà, mi ò lè parọ́. Ilà búlúù ara rẹ̀ máa ń tàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bà á. Ṣùgbọ́n omi tó tutù díẹ̀ ló fẹ́, dígíríì 20 sí 26, ó sì ń gbé ní agbo: mẹ́fà ló kéré jù, kò fẹ́ dá wà. Bí yàrá rẹ bá jẹ́ ti páànù tí kò ní sílíǹ, oṣù kẹta yóò ṣòro fún un. Betta ní tirẹ̀, má pò ó pọ̀ mọ́ guppy. Ìrù guppy máa ń bí i nínú, yóò sì máa ge é jẹ.

Ẹja tí mo fẹ́ kí o sá fún ni àwọn tó kéré lónìí tí wọn kò ní kéré lọ́la. Goldfish, ẹja pupa inú àwo ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, ń dàgbà tó íǹṣì mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó ń dọ̀tí púpọ̀, omi tútù ló sì fẹ́. Tí èyí tó wà nínú àwo kò bá dàgbà, ìpọ́njú ni kò jẹ́ kó dàgbà. Èyí tí wọ́n ń pè ní sucker fish, tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, gígùn ìka ni o ó rà á, ó sì lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Angelfish máa ń ga, tó bá sì tóbi tán, ẹja kéékèèké á di oúnjẹ rẹ̀. Àti ọmọ ẹja àrọ̀, jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ní kòtò ẹja.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí. Àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sin ẹja odò wa nínú pálọ̀ wọn, àwa kò sì mọ̀ ọ́n lójú. Kribensis, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pelvicachromis pulcher, odò ìsàlẹ̀ Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ló ti wá. Ọdún 1901 ni wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Abo rẹ̀ máa ń pọ́n níkùn nígbà tó bá fẹ́ yé ẹyin, takọtabo ló sì ń ṣọ́ ọmọ. Fundulopanchax gardneri náà, ẹja kékeré aláwọ̀ búlúù tó ní àmì pupa káàkiri ara, Nàìjíríà ni ilé rẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja omi aládùn wà ní New Bussa, lẹ́bàá adágún Kàǹjì. Ìpínlẹ̀ Kwara ni New Bussa wà kó tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger ní 1991. Kò jìnnà sí wa. Bí ọmọ rẹ bá fẹ́ràn ẹja inú àpótí yìí, jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá wà nínú ẹja ilẹ̀ wa fún ẹni tó bá kàwé dé ibẹ̀.

Bó o bá máa sin kribensis, takọtabo kan péré, nínú àpótí ẹsẹ̀ mẹ́ta, torí wọ́n máa ń lé gbogbo ẹja tó bá sún mọ́ ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ ihò tí wọn yóò wọ̀. Lọ sí Dada ní Òkèlele, lọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò, ra ìkòkò kékeré kan tí wọn kò fi nǹkan kan pa lára, rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, kí o dà á délẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí ike tí wọ́n kó wá láti òkè òkun tó lè lẹ́wà tó o.

Ewéko náà dára. Ojúoró tí a máa ń dárúkọ nínú àdúrà, òun gan-an ni kí o wá. Ó ń léfòó, ó ń ṣíji bo ẹja, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa ìdọ̀tí inú omi mu. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbilẹ̀ kíákíá. Má jẹ́ kó bo ju ìdá kan nínú mẹ́ta ojú omi lọ, torí ojú omi yẹn náà ni ẹja fi ń mí. Fọ̀ ọ́ dáadáa kí o tó gbé e wọlé, nítorí ìgbín omi àti ẹyin kòkòrò. Òṣíbàtà ti tóbi jù fún àpótí.

Wàyí o, ibi tí o máa gbé e sí. Lítà omi kan, kílò kan. Àpótí ẹsẹ̀ méjì pẹ̀lú iyanrìn àti gíláàsì rẹ̀ á súnmọ́ ọgọ́rin kílò. Ti ẹsẹ̀ mẹ́ta á súnmọ́ àádọ́jọ, bí àpò ìrẹsì ńlá mẹ́ta. Ti ẹsẹ̀ mẹ́rin á ju ọ̀ọ́dúnrún lọ. Tábìlì tí ẹ fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Káfíńtà ni kó ṣe ìdúró onígi tó nípọn, tó dọ́gba ní ilẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé bàbá wa àtijọ́ lò ń gbé, tó jẹ́ pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, má gbé èyí tó ju ẹsẹ̀ méjì lọ síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí o sì fi í sí. Má gbé e síbi tí oòrùn ojú fèrèsé ti ń wọlé, omi á gbóná, á sì di ọbẹ̀dò. Má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ilé kéwú ń gbà wọlé pẹ̀lú ariwo. Bo orí rẹ̀ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì, torí ẹja ń fò, ológbò agbolé sì ń ríran.

Bó bá jẹ́ agégíláàsì ni yóò ṣe é, dúró tì í. Sọ fún un pé gíláàsì tó nípọn tó mílímítà 6 lo fẹ́, kó má fi ti fèrèsé tín-ín-rín ṣe é. Kó fi fóòmù funfun tó le sí abẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ kí etí gíláàsì ta gbọ́n-ọ́n jáde. Sílíkóònù tí kò ní oògùn èéhù nínú ni kó lò, kó fà á ní ìlà kan láìgé, láìsí ibi tó wú. Òórùn rẹ̀ máa ń ta imú bíi ọtí kíkan. Títí òórùn yẹn yóò fi tán pátápátá, má bu omi sí i. Lẹ́yìn náà, gbé e sí ìta lórí ilẹ̀ tó dọ́gba, tẹ́ ìwé ìròyìn sí abẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bu omi kún un, kí o fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí ìwé bá tutù ní igun kan, igun náà ni kó tún ṣe. Ìta ni kó ti jò, má jẹ́ kó jẹ́ orí kápẹ́ẹ̀tì.

Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kílórìn nínú. Fi sínú garawa tí kò ní ìdérí fún ọjọ́ kan kí o tó lò ó. Omi kànga àti ti bọ́họ̀ọ̀lù kò ní kílórìn, ṣùgbọ́n jẹ́ kó jókòó títí yóò fi bá omi àpótí dọ́gba ní ooru. Garawa tí o bá yà sọ́tọ̀ fún ẹja, má fi ọṣẹ kàn án láé. Kọ nǹkan sí i lára kí ọmọ ọ̀dọ̀ má baà fi fọ aṣọ.

Àti sùúrù. Nínú iyanrìn àti fóòmù ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àwọn tó ń jẹ amóníà tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bu omi sí i, tan ẹ̀rọ, máa jẹ́ kí ìwọ̀nba oúnjẹ ẹja bí ẹ̀kúnwọ́ ìka méjì máa jẹrà níbẹ̀ kí wọ́n rí nǹkan jẹ. Bí o bá mọ ẹni tí àpótí rẹ̀ ti pẹ́, tọrọ fóòmù àlòkù lọ́wọ́ rẹ̀, má fọ̀ ọ́, gbé e sínú tìrẹ; ìyẹn máa ń gé ọjọ́ kúrú. Lẹ́yìn náà ni kí o wá mú ẹja díẹ̀ wọlé, mẹ́rin péré, kí o dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó fi kún un.

Mo mọ̀ pé ó pọ̀ lójú rẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí a bá sé mọ́lé, a ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè wá omi mìíràn lọ, kò lè wá oúnjẹ mìíràn lọ. O rántí hadisi obìnrin tó so ológbò mọ́lẹ̀ títí ebi fi pa á. Ọrùn wa ló wà. Kọ́ àwọn ọmọ rẹ náà bẹ́ẹ̀: kí ẹnì kan ṣoṣo máa fún wọn lóúnjẹ lóòjọ́, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, kí ẹnikẹ́ni má sì máa gbá gíláàsì.

Nítorí náà, tí o bá jí lọ́la, mú téèpù kí o tó mú pọ́ọ̀sì. Wọn ibi tí o fẹ́ gbé e sí, wo ilẹ̀ rẹ̀, wo ojú oòrùn, ka kẹ́ẹ̀gì tí o lè yọ̀ǹda lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bá agégíláàsì, kí o sọ fún un: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ní gígùn, ọ̀kan ní fífẹ̀, íǹṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gíga. Má ra ẹja lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí àpótí bá ti jókòó tán, tí kò jò, pè mí, in sha Allah, ká jọ lọ mú guppy.